Ìwà Tí Yóò Máa Gbé Inú Ilé Ìwé Wa Tuntun

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ní Nassarawa, Minna)

Akọ̀wé wa ni ó ní kí n wá sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ilé ìwé tí a fẹ́ dá sílẹ̀ yìí. Ó yà mí lẹ́nu pé èmi ni wọ́n pè, nítorí pé àwọn tíṣà àgbà wà láàrin wa, àwọn tí wọ́n sì ti yunifásítì jáde kò níye. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Páànù, ìṣó àti sìmẹ́ǹtì ni mò ń tà. Bóyá nítorí pé wọ́n mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ni wọn yóò ti wá ra páànù láwìn ni wọ́n ṣe fún mi láyè láti sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ páànù kọ́ ni mo bá wá. Láti ìgbà tí a ti ń ṣe ìpàdé lórí ilé ìwé yìí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù, ọ̀rọ̀ òrùlé àti iye owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò dá ni a ń sọ. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ohun tí a kò tíì jókòó sọ ni irú ìwà tí a fẹ́ kí àwọn ọmọ bá nínú ilé náà ní ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé báàgì wọlé. Ìwà ilé ìwé kì í dúró de ìgbà tí a bá tó kun ògiri lọ́dà. Ohun tí a bá gbà láàyè ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, òun ni àwọn ọmọ tó máa wọlé ní ọdún mẹ́wàá òní yóò bá níbẹ̀, tí wọn yóò sì máa pè é ní àṣà ilé ìwé wa. Ẹ̀yin bíríkìlà tí ẹ wà níjòókòó lè jẹ́rìí mi: bí ìlà búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ bá wọ́, ariwo tí a bá ń pa lórí ìlà kẹjọ, asán ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yé mi. Ọdún 1976 jẹ́ ọdún pàtàkì fún àwa tí a dàgbà ní Minna yìí. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún náà ni ìjọba ológun dá Ìpínlẹ̀ Niger sílẹ̀ tí Minna sì di olú ìlú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà, èyí tí a mọ̀ sí UPE. Èmi wà lára àwọn tí wọ́n kó wọ ilé ìwé nígbà náà. N kò ní dárúkọ ilé ìwé mi. A pọ̀ ju bẹ́ńṣì lọ, abẹ́ igi máńgòrò ni kíláàsì wa, ọjọ́ tí òjò bá sì ṣú, ilé yá nìyẹn. Tíṣà wa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́. A pọ̀ lójú rẹ̀, pàṣán ni ó sì rí mú. Ó mọ ìṣirò kọ́ni, n kò ní parọ́ mọ́ ọn, ìṣirò rẹ̀ ni mo fi ń tajà títí di òní. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá béèrè ìbéèrè ni ó kọ́kọ́ máa ń nà, torí ó rò pé ọmọ náà fẹ́ dán òun wò ni.

Nígbà tí a fi dé ìwé mẹ́rin, kò sí ẹni tó ń béèrè nǹkan kan mọ́. Èyí tó jẹ́ kàyéfì ni pé wọ́n gbé tíṣà náà lọ sí ibòmíràn, wọ́n mú ẹlòmíràn wá tó jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, tó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tó sì máa ń bẹ àwọn ọmọ pé kí wọ́n béèrè ohun tí kò bá yé wọn. Wọ́n dákẹ́. Àwọn ọmọ kékeré tí kò tilẹ̀ bá tíṣà àkọ́kọ́ yẹn pàdé rí dákẹ́ pẹ̀lú, nítorí àwa tí a ṣáájú wọn ti sọ fún wọn pé a kì í béèrè nǹkan níhìn-ín. Pàṣán ti lọ, ìbẹ̀rù rẹ̀ ṣì jókòó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí a ronú dáadáa kí a tó ṣí ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ mi, ó yẹ kí ẹ gbọ́ ìtàn yìí, nítorí ó kàn wá. Ilé ìwé gíráámà tí ó kọ́kọ́ wà ní Nàìjíríà ni CMS Grammar School ní Èkó. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1859 ni wọ́n ṣí i. Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ni ọ̀gá ilé ìwé náà. Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀? Mẹ́fà péré ni. Ta ni ó fi owó ran ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́? Oníṣòwò ni, Kápútéènì James Davies, tó fi àádọ́ta pọ́n-ùn sílẹ̀ láti ra ìwé àti ohun èlò. Ilé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Cotton House ní Broad Street ni wọ́n lò. Ilé òwú! Ẹ wò ó, wọn kò dúró de ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n wá ọ̀gá tó dáńgájíá, wọ́n wá ìwé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba ọmọ tí ojú lè ká. Ilé ìwé náà ṣì ń bẹ títí di òní.

Nítorí náà, èmi kò fara mọ́ àwọn tí wọ́n ní kí a gba ọmọ 300 ní ọdún àkọ́kọ́ kí owó lè wọlé. Kíláàsì méjì tó, ọgbọ̀n ọmọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tíṣà yóò mọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, yóò mọ èyí tí ojú ń dùn, èyí tí ebi ń pa wá sílé ìwé, àti èyí tí kò gbọ́ èdè tí a fi ń kọ́ ọ. Ọgọ́ta ọmọ tí a bá kọ́ dáadáa ni yóò kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ní ìwà ilé náà, láìjẹ́ pé a gbé pàtákó òfin kọ́ sára ògiri.

Ìtàn kejì ni ti Tai Solarin, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ ṣòkòtò péńpé àti fìlà rẹ̀. Kí ó tó dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, òun ni ọ̀gá Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ilé ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1949, tí Stephen Awókòyà sì kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Tai Solarin fẹ́ yí àwọn nǹkan kan padà níbẹ̀, pàápàá ọ̀rọ̀ orin ìsìn àti àdúrà òwúrọ̀. Kò rọrùn, nítorí ilé tí ó ti ní àṣà tirẹ̀ ni ó bá. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ Sheila, tó jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, sì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé tiwọn ní ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1956. Ó sọ ọ́ ní Mayflower, orúkọ ọkọ̀ ojú omi tó gbé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan lọ tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà ní 1620. Àwa tí a fi ilé sílẹ̀ wá tẹ̀dó síbí mọ ohun tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń sọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ ti wà nínú ẹ̀kọ́ Mayflower. Akẹ́kọ̀ọ́ ń roko, ó ń sin adìyẹ, ó ń gé koríko, ọ̀gá pẹ̀lú sì ń ṣe é. Ọmọ olówó kò rí ẹni rán. Nígbà tí ó jẹ́ pé bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sí òbí tó lè wá sọ pé wọ́n ń fi ọmọ òun ṣe ẹrú. Ẹ wo bí yóò ti rí bí a bá gba ọmọ fún ọdún márùn-ún tí agbálẹ̀ ń gbálẹ̀ fún wọn, kí a tó wá ní kí wọ́n mú ìgbálẹ̀. Ìjà ni yóò dé. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí gbogbo ọmọ máa gbálẹ̀ kíláàsì tirẹ̀, kí ó máa bu omi sí òdòdó, kí hẹ́dímásítà náà sì mú ìgbálẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ kí àwọn ọmọ rí i.

Ní ti ẹ̀sìn, n kò bá Tai Solarin dé ibi tí ó lọ. Òun ní kí ẹ̀sìn má wọ inú ilé ìwé òun rárá. Ní tiwa, inú agboolé kan náà ni Ràfíù ti ń lọ mọ́ṣáláṣí tí Ìdòwú sì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì jọ ń jẹ ẹran Iléyá, wọ́n jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésìmesì. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa, ọ̀rọ̀ yìí lè fọ́ ilé ìwé. Ẹ̀yin ẹ rántí ìdí tí wọ́n fi dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923. Àwọn Mùsùlùmí ìgbà náà rí i pé ọmọ wọn tó bá lọ ilé ìwé àwọn míṣọ́nnárì lè má padà bọ̀ gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí, wọ́n sì rí i pé bí wọn kò bá lọ, ẹ̀yìn ni wọn yóò wà. Wọ́n kó owó jọ, wọ́n kọ́ ilé ìwé tiwọn, ti Alákòró ní 1929 sì ni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ọmọ Onígbàgbọ́ ni ó kàwé ní ilé ìwé Ansar-Ud-Deen. Ohun tí mò ń wí ni pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀: kò sí ọmọ tí a ó fi ipá mú kọ orin ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀, kò sí ọmọbìnrin tí a ó bá wí nítorí ìbòrí, ilé ìwé yóò tú ní àkókò tí Mùsùlùmí yóò fi lè dé ìrun Jímọ̀, a ó sì wá tíṣà ẹ̀kọ́ ìsìn méjèèjì. Bí tíṣà kan bá fi ẹ̀sìn ọmọ ṣe ẹ̀sín, kí ó gba ìwé ìlọkúrò rẹ̀, ìbáà jẹ́ àbúrò alága.

Ó kù ọ̀rọ̀ kan tí ó mú ìpàdé wa tó kọjá gbóná: ṣé ọmọ Yorùbá nìkan ni yóò wọlé? Mo gbọ́ ẹnu àwọn tí wọ́n ní owó wa ni, kí ọmọ wa kọ́kọ́ jẹ. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí bí a ṣe dé ibí. Ojú irin ni ó gbé ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa wá. Ó ti Èkó dé Jẹ́bà ní 1909, ó dé Minna ní nǹkan bí ọdún 1911, níbi tí ó ti pàdé èyí tó ti Baro lọ sí Kano. Àwọn bàbá wa bá àwọn Gbagyi, tí a ń pè ní Gwárí, lórí ilẹ̀ wọn. Wọ́n bá Nupe, wọ́n bá Hausa, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n bá tà, tí wọ́n bá rà. Lónìí ní Nassarawa, ọmọ mẹ́rin tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú ilé mi lè jẹ́ ọmọ ẹ̀yà mẹ́rin. Bí a bá ní kí ọ̀kan wọlé kí mẹ́ta dúró síta, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí a kọ́ ẹni tó wọlé nìyẹn, kò sì sí nínú ìwé kankan. Kí a ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ọmọ àdúgbò. Orúkọ wa yóò wà lára pátákó, ìyẹn tó.

Bẹ́ẹ̀ sì ni èdè wa kò gbọdọ̀ sọnù níbẹ̀. Zungeru kò jìnnà síbí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Nnamdi Azikiwe sí ní 1904, tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Hausa ni ọmọ náà ń sọ dáadáa, Ìbò kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, bàbá rẹ̀ fi í ránṣẹ́ sí ìyá-àgbà ní Onitsha kí ó lè gbọ́ èdè baba rẹ̀. Nígbà tó yá ó kàwé ní Èkó, ó sì gbọ́ Yorùbá náà. Ẹ̀yin tí ẹ wà níhìn-ín, ẹ mélòó nínú yín ni ọmọ yín ń kí yín ní Hausa láàárọ̀, tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè owó, tí Yorùbá rẹ̀ sì ń tiro? Kì í ṣe gbogbo wa ni ìyá wa ṣì wà nílé láti bá wa tọ́ ọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ dán nǹkan wò ní 1970 ní St. Stephen's, Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kò gbẹ́yìn, tíṣà ọ̀tọ̀ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní ìwé mẹ́rin, wọ́n tilẹ̀ ta wọ́n yọ. Tiwa kò lè rí bẹ́ẹ̀ gan-an, nítorí bí a bá gba ọmọ Nupe àti ọmọ Gbagyi, a kò lè fi Yorùbá kọ́ wọn ní ìṣirò. Ṣùgbọ́n a lè fi Yorùbá ṣe ẹ̀kọ́ gidi tó ní tíṣà tirẹ̀ àti ìwé tirẹ̀, kí ọmọ ẹlòmíràn tó bá fẹ́ wá jókòó níbẹ̀. Ohun kan tí n kò fẹ́ rí ni kí ọmọ san owó ìtanràn tàbí kí ó jẹ ẹgba nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀ nígbà ìsinmi. Ìwà ọ̀lẹ tíṣà ni mo ka ìyẹn sí.

Mo fẹ́ bọ́ sí ọ̀rọ̀ owó báyìí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti gbọ́n díẹ̀. Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ẹni tó bá dá owó tó pọ̀, ọmọ rẹ̀ yóò wọlé láìṣe ìdánwò. Alága, ẹ dákun, ẹ yọ ọ́ kúrò. Kí a kọ orúkọ ẹni náà sára ògiri, kí a lu ìlù fún un, kí a fi aṣọ dá a lọ́lá. Ṣùgbọ́n bí àga kíláàsì bá ti di ọjà ní ọjọ́ tí a ṣí ilé, èsì ìdánwò yóò di ọjà ní ọdún kẹta. Minna yìí ni olú ilé iṣẹ́ NECO wà láti 1999. Ìtìjú ńlá ni yóò jẹ́ kí ilé ìwé tiwa máa jí ìdánwò wò ní ìlú tí wọ́n ti ń ṣètò rẹ̀. Ẹ̀yin òbí ni mo sì bá wí jù, torí pé ọmọ kọ́ ni ó ń ní owó tí wọ́n fi ń ra ìdáhùn.

Owó tíṣà sì tún wà ńbẹ̀. Kí a tó ra bọ́ọ̀sì, kí a tó ran yunifọ́ọ̀mù ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí owó oṣù ọdún kan gbáko fún tíṣà kọ̀ọ̀kan wà ní báǹkì. Tíṣà tí a jẹ lówó oṣù mẹ́ta yóò máa ta bisikíìtì ní kíláàsì, ọmọ tí kò bá rà ni yóò sì máa kúnlẹ̀. Ẹni tó ń gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lásìkò ni a lè bá wí bí ó bá pẹ́ dé. Àwa ìgbìmọ̀ náà, kí a mọ ààyè wa. Iṣẹ́ wa ni kí a wá owó kí a sì wo ìwé owó. Kí hẹ́dímásítà ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Kò yẹ kí ọmọ ẹgbẹ́ wọ kíláàsì lọ bá tíṣà jà nítorí pé wọ́n bá ọmọ òun wí.

Ọ̀rọ̀ ọgbà kò gùn. Gbogbo wa gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kagara àti ní Tegina ní 2021, a sì gbọ́ ti Papiri ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ní ìpínlẹ̀ wa yìí kan náà. Ògiri yóò yí ilé ìwé ká kí ọmọ kan tó wọlé, géètì yóò ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ, a ó sì máa pe orúkọ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ọmọ tí kò bá dé ilé ìwé ní agogo mẹ́sàn-án, kí a tẹ ìyá rẹ̀ láago. Ilé ìyàgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin kí ó ní ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́. Àwọn ìyá yóò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Mo dábàá pé kí a yan ìgbìmọ̀ ẹni méje kí a tó tú ká lónìí, kí ìyá méjì wà níbẹ̀, kí tíṣà méjì tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, kí ẹnì kan sì ti ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa tí kì í ṣe Yorùbá wá. Kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí a bá fẹnu kò sí sínú ìwé kan ní Yorùbá, Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì, kí òbí tó bá fẹ́ mú ọmọ wá kà á kí ó tó fọwọ́ sí i, kí a sì ka á sí etí ẹni tí kò mọ̀wé. Ní tèmi, ìdì páànù mẹ́wàá wà ní ṣọ́ọ̀bù mi tí akọ̀wé lè wá kó nígbàkúùgbà tí ògiri bá ti dé òkè. Mo ní ọmọ-ọmọ méjì tó tó ìwé kìn-ín-ní. Ìdánwò ni wọn yóò ṣe.